Okùn Ìhà Orí

Òkú Mungo Gourlay wà nínú yàrá, àwọn ẹbí rẹ̀ wà nílé ìdáná, wọ́n ń jà. Kì í ṣe ìjà ẹ̀ṣẹ́ o. Ìjà ẹ̀ṣẹ́ ì bá tètè parí. Ìjà okùn ni.

Ní Auchterlaw, ìlú àwa awa-èédú, okùn mẹ́jọ la fi ń sọ pósí kalẹ̀ sínú sàréè, ọkùnrin mẹ́jọ ló sì ń dì wọ́n mú, kálukú ní ipò tirẹ̀. Ẹni tó bá sún mọ́ òkú jù lọ ló ni okùn ìhà orí. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e ló ni ti ìhà ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn la ó wá máa pín ti èjìká àti ti ìbàdí, títí tí yóò fi kan àwọn tí a kàn ń fún lókùn kí wọ́n má baà bínú. Ẹni tí a bá fò dá níbi okùn, ìran rẹ̀ kì í gbàgbé. Ìdílé kan wà lópin àdúgbò wa tí wọn kì í kí ara wọn láti ìgbà tí ìyá àgbà wọn ti kú, ìyá àgbà náà sì kú kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó dáyé.

"Èmi ni mo kọ́ ọmọ yìí ní ẹja pípa," ni Dod wí. Dod ni ẹ̀gbọ́n bàbá Mungo, ọkùnrin oníkùn gẹ̀rẹ̀jẹ̀ tí àga máa ń ké tó bá jókòó. "Okùn ẹsẹ̀ tọ́ sí mi."

Wull Pratt, tó fẹ́ àbúrò ìyá Mungo, gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹja wo? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ mú un lọ sódò, ẹ̀yin lẹ já sómi, òun ló wá fà yín jáde."

"Ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn. Bá a ṣe sún mọ́ra tó nìyẹn."

Lowrie káfíńtà, tó tún ń ṣètò ìsìnkú, jókòó sídìí tábìlì, ó ń kọ nọ́ńbà sórí àwọn páálí kéékèèké tí a máa ń fún àwọn olókùn. Ó ti gbé gègé sókè, ó ti sọ ọ́ kalẹ̀, ó ti sú u. "Ẹ̀yin ẹbí, ẹ ṣe mí jẹ́jẹ́. Okùn mẹ́jọ ni mo ní lọ́wọ́. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá mi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ẹ ti tó ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù méjì. Àfi tẹ́ ẹ bá ní kí n lọ fa pósí náà gùn."

"Ó kéré tán, ti orí ò lẹ́jọ́ nínú," ni Dod wí. "Erchie ló ni ín. Bàbá ni bàbá ń jẹ́."

Gbogbo wọn yíjú sí Erchie. Erchie Gourlay, bàbá olóògbé, dúró ti ààrò, páìpù wà lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ òsì wà lára páìpù, ọwọ́ ọ̀tún wà nínú àpò. Ó mi orí bí ẹni tó gbà.

Ọwọ́ tó wà nínú àpò yẹn ni gbogbo ọ̀ràn wà.

Ní ọdún tó ṣáájú ogun Jámánì ni òkúta já láti àjà kòtò èédú, tó tẹ ọwọ́ náà mọ́lẹ̀. Egungun jinná, àwọ̀ dí, ṣùgbọ́n àwọn ìka kọ̀, wọn ò padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ń mọ òtútù, wọ́n ń mọ ìrora, wọ́n mọ̀ bí a bá fọwọ́ kàn wọ́n. Wọn ò kàn lè di nǹkan mú mọ́ ni. Bẹ́ẹ̀, ní Auchterlaw, ẹni tí kò bá lè di dígà mú kò níṣẹ́. Ẹni tí kò níṣẹ́ kò nílé, torí kọ́ńpìnnì tó ni èédú náà ló ni ilé tí a ń gbé. Ni Erchie bá ti ọwọ́ náà bọ àpò, kò sì yọ ọ́ síta mọ́ lójú ẹnikẹ́ni. Àwọn ènìyàn rò pé fáàrí ni. Wọ́n sọ ọ́ ní Baálẹ̀. "Baálẹ̀, ṣé ilẹ̀ dára?" "Ó dára, ẹ̀yin ará oko mi." Ẹ̀rín á sọ. Níbi tí wọ́n bá ti ń rẹ́rìn-ín ẹnu Erchie, ta ni yóò ráyè wo ọwọ́ rẹ̀?

Àwọn méjì péré ló mọ̀. Effie ìyàwó rẹ̀ mọ̀. Mungo ọmọ rẹ̀ náà mọ̀, torí ọdún yẹn gan-an ni Mungo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wọ kòtò. Lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, nínú òkùnkùn, Mungo ló ń gé èédú ti àwọn méjèèjì. Erchie ń fi èjìká ti kẹ̀kẹ́ èédú, ó ń fi òsì gbé fìtílà, ó sì ń fi ẹnu ṣe ìyókù. Tosh, ọ̀gá kòtò, máa ń yìn wọ́n pé bàbá àtọmọ yìí mọṣẹ́. Mungo á ní, "Bàbá mi ló ń darí mi, sà." Irọ́ ò sí níbẹ̀.

Ogun wá dé. Ẹgbẹ́ onífèrè alápò ti àwọn ológun wá sí ọjà ìlú kejì láti wá kó ọmọ ènìyàn lọ sógun. Hob Dewar, ọ̀rẹ́ Mungo, ní àfi kóun wọṣẹ́ ológun. Ìyá Hob sáré wá bá Mungo, ó ń sunkún, ó ní kó jọ̀wọ́ bá òun lọ fa Hob láṣọ padà wálé, òun mọ̀ pé Mungo jẹ́ ọmọ olórí pípé. Ọmọ olórí pípé lọ. Nírọ̀lẹ́, Hob padà wálé, wọ́n ní ó kúrú jù. Mungo ti fọwọ́ síwèé.

Bí wọ́n ṣe bi í léèrè tó, kò rí àlàyé kan ṣe. Ó kàn ní, "Bàbá, ojú ọjọ́ mọ́ lónìí. Mo dúró níbẹ̀, oòrùn ń ràn sí mi lára. Mi ò mọ ìgbà tí mo bọ́ sórí ìlà."

Ní ọjọ́ tó máa lọ, gbogbo àdúgbò jáde síta wá sìn ín. Kíìtì tuntun, yẹ̀rì àwọn ológun ilẹ̀ wa, wà ní ìdí rẹ̀, orúnkún rẹ̀ funfun báláú bí ìyẹ̀fun, torí orúnkún awa-èédú ò mọ oòrùn. Àwọn ọmọbìnrin ń yọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n ní ṣé ó dá a lójú pé ìdí rẹ̀ ò ní tutù. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí bàbá rẹ̀ pé ó dìgbà.

Erchie ò mú ọwọ́ náà. Lójú gbogbo ayé, ó ní, "Tí o bá lọ, má jẹ́ kí n fojú kàn ọ́ mọ́."

Gbogbo wọn gbọ́ ọ. Ohun tí wọn ò gbọ́ ni ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀: ta ni yóò máa bá mi gé èédú? Ìyẹn ò ṣeé sọ ní gbangba. Yàtọ̀ sí Effie, Mungo nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ojú rẹ̀ sì pọ́n.

Ó sá fún kòtò, Ọba sì fún un ní kòtò mìíràn. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ní ilẹ̀ Faransé pé awa-èédú ni, wọ́n gbé ṣọ́bìrì lé e lọ́wọ́. Ó gbẹ́ yàrà tí wọ́n ń sá pamọ́ sí, ó gbẹ́ ṣáláńgá, ó gbẹ́ sàréè àwọn tó bá a jókòó jẹun lánàá. Iná-ara tí ń mu ẹ̀jẹ̀ kún inú ìṣẹ́po kíìtì rẹ̀. Ó ní àwọn náà ti wọṣẹ́ ológun, wọ́n kàn ń jẹun dáadáa ju òun lọ ni. Lójò òtútù, etí kíìtì á dì gbagidi, á máa rẹ́ ẹ lórúnkún bí ọ̀bẹ. Ọmọ tó ń wá oòrùn. Lóṣù kẹrin ọdún 1917, nítòsí Arras, wọ́n ní kí wọ́n jáde nínú yàrà kí wọ́n sì máa rìn lọ sọ́dọ̀ àwọn Jámánì. Yìnyín ń bọ́. Kò tíì rìn jìnnà tí àfọ́kù irin kan fi wọ itan rẹ̀, tí òmíràn sì wọ abẹ́ ìhà rẹ̀.

Wọ́n gbé e wá sí ilé ìwòsàn ní Edinburgh. Erchie àti Effie wọ rélùwéè lọ wò ó. Erchie ń kọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ sórí láti ilé débẹ̀. Bó ṣe ń kọ́ ọ ni ó ń gbàgbé. Wọ́n wọlé. Mungo rí wọn, kíá ló fa aṣọ ibùsùn bojú.

"Kí ló dé?" ni Effie bi í.

"Bàbá ní àwọn ò fẹ́ fojú kàn mí mọ́," ni ohùn tó wà lábẹ́ aṣọ wí. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n jẹ̀bi ọ̀rọ̀ ẹnu ara wọn."

Erchie rẹ́rìn-ín. Kó tó rẹ́rìn-ín náà tán, ó ti ń fi apá aṣọ nu ojú. Ẹ̀bẹ̀ tó kọ́ sórí, kò rí ìdí kan fún un mọ́.

Nígbà tí Effie lọ bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, Mungo wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ẹ mú un wá." Erchie yọ ọwọ́ náà lápò. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í na àwọn ìka rẹ̀ ní kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń ṣe lábẹ́ ilẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sinmi.

"Ta ló ń bá yín gé e?"

"Mò ń fòsì gé e."

"Ọ̀gbẹ́ni Tosh ńkọ́?"

"Ó rò pé àárò rẹ ló ń jẹ́ kí n lọ́ra. Ó tiẹ̀ máa ń gbà mí nímọ̀ràn."

"Ẹ ṣáà ní sùúrù, Bàbá. Bí mo bá ti lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, mò ń bá yín padà sísàlẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ má jẹ́ kó rí i."

Ọmọ tó ń wá oòrùn ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ó jẹ ẹyin méjì lójú wọn. Dókítà ní lọ́jọ́ Ẹtì ó lè máa bọ̀ wálé wá gbatẹ́gùn. Effie sá bẹ́ẹ̀dì sóòrùn. Dod lọ yá ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹrù, ó tẹ́ koríko rirọ̀ sínú rẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ ọmọ òun ò gbọdọ̀ gbọ̀n. Lọ́jọ́bọ̀ ni ọgbẹ́ abẹ́ ìhà náà dédé yí padà, ibà gbé e, kó tó di ọ̀sán ó ti lọ. Kẹ̀kẹ́ Dod lọ sí ibùdókọ̀ rélùwéè lọ́jọ́ Ẹtì bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀. Pósí ló gbé bọ̀, lórí koríko rirọ̀ náà.

Ibi tí Erchie há sí nìyí, níbi tó dúró ti ààrò. Tó bá gba okùn orí, ọwọ́ rẹ̀ ò ní lè dì í mú, orí ọmọ rẹ̀ á já wọ inú sàréè gbàgà lójú gbogbo ìlú, àti lójú Tosh, tí wọ́n ti fún ní okùn kẹjọ nítorí ọ̀wọ̀. Iṣẹ́ lọ, ilé lọ. Tó bá sì ní òun ò gbà á, gbogbo ẹni tó gbọ́ ohun tó sọ lójú títì lọ́jọ́sí á ní, ẹ wò ó, kò dárí ji ọmọ náà títí wọnú sàréè.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, ó yọ́ lọ sínú ahéré èédú lẹ́yìn ilé. Ó mú okùn aṣọ sísá lọ, ó so ó mọ́ garawa tó kún fún èédú, ó wá fi ìdí kejì okùn náà ṣe ojóbó sí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún lábẹ́ apá aṣọ. Èrò rẹ̀ ni pé ọrùn ọwọ́ á gbé e, àwọn ìka á kàn máa ṣe bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ó gbé garawa sórí àpótí gíga kan, ó tì í. Garawa já wálẹ̀, okùn fà, Baálẹ̀ Auchterlaw tẹ̀ lé garawa, ó sì forí sọ òkìtì èédú.

Nígbà tó gbójú sókè, Effie dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lò ń ṣe, Erchie?"

"Mò ń sin garawa."

Effie wò ó: aṣọ ọ̀fọ̀, fìlà dúdú, imú dúdú. Ẹ̀rín gbé e. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ nínú èédú pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ tirẹ̀, ibẹ̀ ni ẹkún ti bá a. Ọkọ rẹ̀ jókòó tì í.

"Tún un so," ni Effie wí nígbà tó yá. "O sún un sísàlẹ̀ jù. Mú apá rẹ wá." Ó sì so ojóbó náà fún un fúnra rẹ̀, ó dì í le, ó fa apá aṣọ bò ó, ó fi itọ́ nu imú rẹ̀ bí ọmọdé.

Ní ọ̀sán, yàrá kún. Pásítọ̀ ka Bíbélì, ó gbàdúrà. Àwọn ológun tí wọ́n rán wá láti bárékè dúró síta pẹ̀lú ìbọn, onífèrè alápò ń fẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nítorí òtútù. Àṣà wa ni pé ìsìn àdúrà nílé ni ti àwọn obìnrin. Bí pósí bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà, ọkùnrin ló ń bá a lọ, obìnrin a dúró gé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ dè wọ́n.

Tosh la àárín èrò kọjá wá bá Erchie. Ọkùnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ ò pọ̀. Ó na ọwọ́ ọ̀tún. "Erchie, mo bá ọ kẹ́dùn."

Ọwọ́ òsì ni Erchie nà sí i, àwàdà sì ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rò ó, torí ó ti pẹ́ tí ẹnu náà ti ń dá ṣiṣẹ́. "Ẹ gba òsì, sà. Baálẹ̀ kì í fi ọ̀tún bọ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́."

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín jẹ́jẹ́, bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín nílé òkú. Tosh náà rẹ́rìn-ín. Erchie gbọ́ ẹ̀rín náà lórí pósí ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ló ti ń bá a fi ọwọ́ náà pamọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Nítorí rẹ̀ ni ọmọ kan tí ń wá oòrùn fi sọ lórí ibùsùn pé òun ń padà bọ̀ sínú òkùnkùn. Ọmọ náà ò ní padà sínú òkùnkùn kankan fún un mọ́, àfi èyí tí wọ́n ń gbé e lọ.

Lowrie bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn olókùn. "Okùn kìíní, ìhà orí. Archibald Gourlay, bàbá olóògbé."

Ó na páálí náà. Erchie yọ ọwọ́ ọ̀tún lápò, ó nà án. Páálí bọ́. Lowrie bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú un, ó tún fi lé e lọ́wọ́. Ó tún bọ́.

"Fi í sílẹ̀, Lowrie," ni Erchie wí. Ó fa apá aṣọ rẹ̀ sókè, ojóbó hàn, ó sì gbé ọwọ́ náà sókè kí gbogbo yàrá rí i. "Ọ̀gbẹ́ni Tosh, ẹ wò ó dáadáa. Ó ti kú kí ogun tó dé. Ẹyọ èédú kan ò ti ọwọ́ yìí wá láti ìgbà náà. Mungo ló ń gé tiwa méjèèjì." Ó yíjú sí àwọn ìyókù. "Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ sí i lọ́jọ́ tó ń lọ. Ẹ rò pé inú ló ń bí mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mi ò lè sọ fún yín pé ọwọ́ mi ló ń lọ."

Ó fi ọwọ́ òsì tú ojóbó náà kúrò.

"Okùn orí di ti ìyá rẹ̀," ni Erchie wí.

Ìgbà yẹn ni ariwo wá bẹ́. Dod ní obìnrin kì í dé sàréè. Wull Pratt, tí kò fohùn ṣọ̀kan pẹ̀lú Dod rí, ní òótọ́ ni Dod sọ. Pásítọ̀ wú ikọ́, ó ní àṣà àwọn bàbá wa ṣe kókó.

Effie ti ń de fìlà rẹ̀. "Pásítọ̀, láàárọ̀ ọjọ́ Àjíǹde, ta ni wọ́n bá lẹ́nu ibojì?"

Pásítọ̀ ronú sí i. Ó fi ìwé rẹ̀ há abíyá. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ," ló wí.

"Ta ló máa wá gé ẹran?" ni Dod bèèrè, ojú rẹ̀ dàrú.

"Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò rókùn gbà," ni Effie wí, ó sì jáde.

Ó rìn lẹ́yìn pósí gba àárín títì kọjá, òun nìkan láàárín fìlà dúdú gbogbo, fèrè alápò ń dún níwájú. Àwọn obìnrin yọjú láti ẹnu ọ̀nà wọn. Kò sẹ́ni tó bú u. Ìyá Hob Dewar bọ́ epùrọ́ọ̀nù rẹ̀, ó dúró gbọnrangandan.

Lẹ́nu sàréè, Lowrie fi okùn lé e lọ́wọ́. Ọwọ́ tó ti ń fọ aṣọ èédú láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge ni. Okùn náà ń yọ́ láàárín àwọn ìka rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò gbọ̀n, kò já. Dod tó wà lẹ́sẹ̀ ń mí hẹlẹ, okùn Wull lọ́ mọ́ra. Ìhà orí ló kọ́kọ́ balẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí a bá ń gbé ọmọ tó sùn sórí ìrọ̀rí. Ó sọ okùn náà wọlé tẹ̀ lé e. Àwọn ológun yìnbọn, àwọn ẹyẹ fò lórí igi. Erchie dúró lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ síta. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí i lára, kò sì mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Bí wọ́n ṣe ń túká, Tosh dúró níwájú rẹ̀. Ó wo fìlà tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. "Wá rí mi lọ́jọ́ Ajé, Erchie."

"Mo mọ̀, sà."

"Ká ní ọwọ́ mi ló wà ni..."

"Mo mọ ìyẹn náà, sà."

Tosh lọ. Erchie àti Effie gba ọ̀nà ẹ̀yìn padà wálé, síbi tí kò ní pẹ́ di ilé ẹlòmíràn. Wọ́n dé ibi odi òkúta tó wà létí pápá.

"Effie," ni Erchie wí. "Báwo ló ṣe wúwo tó lórí okùn náà?"

Effie dúró. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó fi àwọn ìka tirẹ̀ há àárín àwọn ìka tó kú náà, ó sì fà á sísàlẹ̀, ó fi gbogbo ara rẹ̀ lé e, títí èjìká ọkọ rẹ̀ fi tẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wá ibi tí yóò fìdí múlẹ̀ sí nínú ẹrẹ̀.

"Báyìí," ló wí.

Kò tíì jù ú sílẹ̀. Erchie dúró, ó sì gbé ìwúwo náà.